Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ alàgbà.
Ọdún kọkànlá rè é tí bírò ń bẹ lọ́wọ́ mi
ní ṣọ́ọ̀ṣì Presibitéríà wa, lẹ́yìn Mọ́kọ́lá,
níbi tí ọkọ mi ará Kàlàbá mú mi wọ̀
tó sì fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, ó lọ bá Olúwa rẹ̀.
Ohun tí ẹnu bá sọ ni mò ń kọ.
Èyí tí ojú sọ, n kì í kọ ọ́.

Lálẹ́ Sátidé, òjò ń gbá páànù,
àwa méje yí tábìlì ká nínú yàrá ẹ̀yìn.
Alàgbà Ẹdẹm wúkọ́.
Ó ní kí n ṣí ìwé orúkọ,
kí n fa ìlà pupa sára Dúrósinmí,
nítorí wọ́n rí i ní Ẹlẹ́yẹlé:
ilé kan, yàrá kan, ọkùnrin kejì,
aṣọ àwọn méjèèjì lórí okùn kan ṣoṣo.

Okùn aṣọ! Ẹ̀rí tí wọ́n kó wá nìyẹn:
ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí oòrùn kan náà ń gbẹ.

Mo ṣí ìwé. Mo rí orúkọ.
Ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yíǹkì ti ṣá.
Ìyá rẹ̀ ti sin mẹ́ta kó tó bí i.
Ó gbé e dání níwájú gbogbo wa, ó ń wárìrì,
ó ní: Dúró. Dúró, kí o sin mí.
Ìjọ dáhùn pé Àmín,
ohùn Alàgbà Ẹdẹm ló ròkè jù.
Ọmọ sì gbọ́ràn.
Oṣù méjì ló fi jókòó ti ibùsùn ìyá rẹ̀ ní Adéọ̀yọ́,
ó sin ín,
ó gbé erùpẹ̀ ibojì lábẹ́ bàtà wọnú ìsìn ọjọ́ Àìkú.
Ọmọ tí a fi orúkọ bẹ̀ pé kó má lọ,
àwa náà ni a ó wá fi bírò lé e?

Ẹnìkan ní òfin ìlú ń bẹ o, ẹ̀wọ̀n ń bẹ.
Ẹnìkan ní, ṣé kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé Òkè-Àdó ni?
Pásítọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.
Ẹ̀rù ba èmi náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́:
ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀,
tí mò ń bi í léèrè epo jẹnẹrétọ̀,
tí n kò bi í pé, ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń rí oorun sùn?

Mo ní bírò pupa ti gbẹ.
Ó ti gbẹ lóòótọ́. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ láìdé.
Alàgbà Ẹdẹm ní, dúdú ńkọ́?
Mo ní: Bàbá, bí ojú bá ń sunkún, imú a máa bá a sun ún.
Ẹ fọwọ́ ara yín fà á.
Mo ti ìwé síwájú rẹ̀.
Òjò nìkan ló sọ̀rọ̀.
Kò fà á. Kò sì sọ pé òun ò ní fà á.
A gbàdúrà, a tilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ mọ́, ó di oúnjẹ Olúwa.
Dúrósinmí kò wọlé.
Ó wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó tún ṣe,
ó di sípánà mú bí ẹni di ìwé orin mú,
Abíọ́nà, èkejì rẹ̀, dúró tì í.
Mo gbé àwo ife.
Mo kọjá ìjókòó àwọn ìyá, mo kọjá ti àwọn ọ̀dọ́,
mo yà sẹ́nu ọ̀nà.
Àwọn ife kéékèèké ń lura wọn
bí eyín ẹni tí òtútù mú.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni méjì lẹ́yìn mi:
ẹnìkan ń fi ìbínú gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde,
ẹnìkan wá di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í.
N kò wẹ̀yìn.
Títí dòní n kò bèèrè
èwo nínú wọn ni Alàgbà Ẹdẹm.

Dúrósinmí ní, Mọ́mì, epo wà lọ́wọ́ mi.
Mo ní, gbà.

Nínú ìwé, mo kọ:
*Ife tí a lò, méjìlélọ́gọ́ta.*
Oṣù tó kọjá, ọgọ́ta ni.